Ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìwà ipá nínú ilé ní Kétu, Benin: ibi tó ti mú, ibi tó ti ń jò

Lọ́dọọdún, láti 25 oṣù kọkànlá di 10 oṣù kejìlá, ọjọ́ 16 ni wọ́n fi ń polongo lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin. Mẹ́rì (ìjọba ìbílẹ̀), òṣìṣẹ́ GUPS (ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò ará ìlú), ọlọ́pàá àti akéde ló ń gbé irú ètò yìí káàkiri. Ẹ jẹ́ ká fi irinṣẹ́ wọn sórí ìwọ̀n Kétu.

Ìwé ara ògiri ló fúyẹ́ jù. Bó bá jẹ́ Faransé ló kún inú rẹ̀, tí àwòrán obìnrin tójú rẹ̀ wú wà lókè, ẹni tó ń wò ó á ní òun ò tíì lẹ́jọ́ níwọ̀n ìgbà tójú òun ò wú. Bẹ́ẹ̀ òfin Benin 2011-26 lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin, tó jáde ní 9 oṣù kìíní 2012, ka ìyà ara àti ìyà ọkàn pọ̀. Fífi ipá bá aya ẹni sùn wà nínú rẹ̀, ìgbéyàwó tipátipá náà sì wà níbẹ̀.

Akéde dára fún ọjọ́ àti ibi ìpàdé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá lù agogo pé kí ẹni tọ́kọ ń lù jáde, ta ni yóò jáde? Kó ní ìpàdé ìlera ìdílé ni. Ràdíò ń dé oko, àmọ́ lálẹ́ ọwọ́ ọkọ ló máa ń wà. Ọ̀sán tí wọ́n ń yan gaàrí ló dára jù, lédè Yorùbá àti Fọ̀n, nítorí ará Adakplamé ní àgbègbè Kétu.

Ìpàdé ló lérè jù. Kí wọ́n má ju 25 lọ, kó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà Asséna, kí obìnrin kọ́kọ́ dá jókòó, kí tọkùnrin di ọjọ́ mìíràn. Bí ìyá ọkọ bá wà níjòkòó, ìyàwó ò ní la ẹnu. Tí olùkọ́ bá gbé àwòrán jáde, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, kó má ka àlàyé ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìwé mímọ́. Kó má ní kí ẹnikẹ́ni jẹ́rìí níwájú èrò láéláé. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, kí òṣìṣẹ́ jókòó sábẹ́ igi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe. Abẹ́ igi yẹn lọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ẹgbẹ́ tó ya fọ́tò tán tó wọ mọ́tò ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí òrùlé ti ń jò gan-an ni ìbéèrè yìí: lọ́la, ibo ni mo ń lọ? Bí wọ́n bá fi ipá bá obìnrin lò pọ̀, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kàn: oògùn ìdènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ti ìdènà oyún kò gbọdọ̀ ju wákàtí 120, bó bá sì ṣe yá ló dára tó. Kó má fọ aṣọ tó wọ̀ nígbà náà; inú bébà ni kó dì í sí, nítorí inú ọ̀rá á bu. Ojú ọgbẹ́ máa ń ṣú sí i lọ́jọ́ kejì, torí náà kó ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Kó gba ìwé dókítà, lẹ́yìn náà kó lọ sí kòmísáríà (àgọ́ ọlọ́pàá) àti GUPS. Òfin 2021-11 gbé àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan, ìfipábánilòpọ̀ wà lára wọn, síwájú CRIET, ilé ẹjọ́ pàtàkì fún ìwà ọ̀daràn ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà, ní Porto-Novo.

Òwe tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni "a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́". Olùkọ́ tó bá fò ó ti pàdánù àwọn àgbà. Kó bi wọ́n pé: ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti parí ẹjọ́ ilé kan náà? Kó wá ní kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fún obìnrin náà ní ibi sùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n gbàgbé Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti mọ̀ láti 2001, ìlú tí wọ́n ti ń fi orin òru bú ọkùnrin aláìnítìjú, kí ni wọ́n ń ra tíṣọ́ọ̀tì ìpolongo fún?

Nọ́ńbà kòmísáríà tí wọ́n bá pín ní bébà, ọkọ á rí i. Kí obìnrin kó o sórí fóònù pẹ̀lú orúkọ "Ìyá Elépo".