TCMSP: ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ asẹ́ yín

TCMSP, àkójọ ìsọfúnni orí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa egbòogi Ṣáínà, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí mo bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wo àgbo àwọn ará Ṣáínà. Ó ti wà láti 2014. Ewé àti egbò 499 ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ọ̀kan, á to àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó lè dé inú ẹ̀jẹ̀ béèyàn bá gbé e mì, àti ibi tó lè dìmọ́ nínú ara. Wọn ò dán gbogbo ẹ̀ wò lára èèyàn o! Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi oògùn tí a ti mọ̀ dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń méfò púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo gbé ma huang tang sí i, àgbo òtútù tó ní nǹkan mẹ́rin nínú. Ma huang, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, ni wọ́n ń pè ní ọba inú ẹ̀, ìyẹn olórí wọn. Mo fi asẹ́ tí gbogbo wa ń lò sẹ́ ẹ: OB (ìdá tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ béèyàn bá gbé e mì) kò gbọdọ̀ dín sí 30%, DL (bó ṣe jọ oògùn tó) kò gbọdọ̀ dín sí 0.18. Háà, ephedrine pòórá! Kẹ́míkà tí gbogbo ayé torí ẹ̀ mọ ma huang, asẹ́ dà á nù, torí kò jọ oògùn tó lójú DL. Quercetin, kẹ́míkà tó wà nínú àìmọye ewé, ló ṣẹ́kù, tó ń yan fanda. Ẹ̀bi àwa tá à ń lo asẹ́ kan náà fún gbogbo ewé ni.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé TCMSP kò bìkítà bóyá ẹ̀kúnwọ́ ewé lẹ bù tàbí ẹ̀kún agbọ̀n. Máàkì mi, 4 nínú 5.