José Peseiro lọ́dọ̀ Super Eagles: iṣẹ́ wo ló ṣe, iṣẹ́ wo ni kò ṣe?

Iṣẹ́ méjì ni NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, gbé lé akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Pọtogí yìí lọ́wọ́ láàárín oṣù Karùn-ún 2022 sí ìparí oṣù Kejì 2024. Ìkíní ni ìdíje AFCON, ife ilẹ̀ Áfríkà, ó sì ṣe é dáadáa. Ìkejì ni kíkó máàkì jọ fún Ife Àgbáyé 2026. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ ìlú Coruche ni. Òun ni igbákejì Carlos Queiroz ní Real Madrid lọ́dún 2003 sí 2004. Lọ́dún 2005, ó gbé Sporting dé àṣekágbá UEFA Cup ní pápá tiwọn gan-an ní Lisbon. Sporting ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, àmọ́ CSKA Moscow ló gbé ife lọ pẹ̀lú 3-1. Ó gba Ife Líìgì Pọtogí pẹ̀lú Braga lọ́dún 2013. Lọ́dún 2016, Porto tí òun ń kọ́ pàdánù àṣekágbá ife ilẹ̀ wọn nípasẹ̀ pẹ̀nárítì. Ẹni tó bá ka ìwé iṣẹ́ yìí dáadáa á rí i pé ọkùnrin náà mọ ọ̀nà àṣekágbá, àmọ́ ife kì í sábà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Kí AFCON tó bẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́rin ló ń tò sẹ́yìn, ó ń kó àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú jọ, àárín sì ń dá páropáro. Tí bọ́ọ̀lù bá ti já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Super Eagles fi góòlù 10 sí 0 na São Tomé, Guinea-Bissau sì tún wá nà wọ́n 1-0 ní Abuja.

Lẹ́yìn ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea ní AFCON ló yí ìtò náà padà. Semi Ajayi, Troost-Ekong àti Calvin Bassey wà lẹ́yìn. Ola Aina mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Zaidu Sanusi mú òsì. Iwobi àti Onyeka wà láàárín. Osimhen àti Lookman ń ṣiṣẹ́ níwájú. Bí Aina bá gòkè, Ajayi á dí àyè rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra wọn ni ẹnikẹ́ni kò fi jẹ góòlù sílé Nwabali, asọ́lé wa. Osimhen kò jẹ ju góòlù kan lọ ní gbogbo ìdíje náà, síbẹ̀ òun ni mo gbà pé ó lóye ìtò yìí jù. Ẹ tún góòlù àkọ́kọ́ tí a jẹ Kamẹrúùnù wò: òun ló sáré já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ Oumar Gonzalez, tó sì tì í sí Lookman.

Àbùkù ìtò náà hàn ní àṣekágbá pẹ̀lú Ivory Coast ní Abidjan, lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì 2024. Troost-Ekong fi orí jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 38, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ náà sún sẹ́yìn pátápátá. Aina àti Sanusi di ẹni ẹ̀yìn, ẹni márùn-ún wá ń dúró sójú kan. Iwobi àti Onyeka nìkan ń bá ẹni mẹ́ta jà láàárín, Osimhen sì dá wà níwájú bí ọmọ òrukàn. Kessié ti Ivory Coast fi orí jẹ ti kọ́nà ní ìṣẹ́jú 62. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 81, Adingra gba ẹ̀gbẹ́ Aina kọjá, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, Haller sì fi ẹsẹ̀ kàn án wọlé. Ọ̀rọ̀ Lisbon 2005 ló tún ṣẹlẹ̀ yẹn. Àárín ló yẹ kó fi ẹnìkan kún kété tí ìlàjì kejì bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ti Abidjan kò dùn mí tó ti oṣù Kọkànlá 2023, nínú ìdíje láti yege fún Ife Àgbáyé. Ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Lesotho ní Uyo, ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Zimbabwe ní Rwanda. Máàkì mẹ́rin ló sọnù níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ní oṣù Kẹwàá 2025, Gúúsù Áfríkà ní 18, ó sì yege, Nàìjíríà ní 17. Ká ní a na ọ̀kan péré nínú àwọn méjèèjì, 19 là bá ní, a kì bá sì ti dé iwájú DR Congo tó fi pẹ̀nárítì lé wa jáde nínú ìdíje àfikún. Lóòótọ́, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tẹ̀ lé e náà sọ máàkì nù, ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ le koko fún ìdíje oṣù kan lè pè é láìbẹ̀rù. Kí wọ́n wá igbákejì tí yóò máa sọ fún un ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ ènìyàn mọ́ ọn. Fún ìrìn àjò ọlọ́dún méjì láti yege fún Ife Àgbáyé, ẹlòmíràn ni mo máa gbà.