Dipole, end-fed, àbí vertical: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra áńtẹ́nà HF

Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀lé láísẹ́ǹsì amateur radio (rédíò ìgbafẹ́) nìyí: rédíò HF, ìyẹn ti 3 dé 30 MHz, ti wà nílẹ̀, 100 wáàtì ni, owó tó kù ò pọ̀, áńtẹ́nà wo ni kí n rà? Mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń dárúkọ. Dipole, ìyẹn wáyà apá méjì tí kébù ń wọlé sí láàárín. End-fed, wáyà gbọọrọ kan tó jẹ́ pé ìdí ẹ̀ ni kébù ti ń wọlé. Àti vertical, èyí tó dúró ṣánṣán tí wáyà ilẹ̀ sì tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti báǹdì 40 mítà dé 10 mítà (gígùn ìgbì la fi ń pe báǹdì, 40 jẹ́ 7 MHz, 10 jẹ́ 28), ọ̀kan nínú wọn sì kó mi sí ìnáwó tí mi ò rò tẹ́lẹ̀, torí náà mi ò ní máa ka gígùn wáyà fún yín, ẹ fi MHz pín 143 ẹ ó rí mítà ìdajì ìgbì, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí kì í sí lára páálí ni mo fẹ́ sọ.

Ní ti gbígbé sókè, end-fed ló gbawájú, mi ò ní jiyàn. Ìdí ẹ̀ lára ògiri, orí ẹ̀ lórí igi, ó parí. Dipole ń fẹ́ ibi ìso méjì àti kébù tó ń bọ̀ láti àárín, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe é ní inverted V, òpó kan láàárín, kí apá méjèèjì máa dà sísàlẹ̀. Vertical ò nílò igi kankan, ilẹ̀ ló nílò, a máa dé ibẹ̀.

Ní ti báǹdì náà, end-fed ló tún rọrùn: wáyà bíi 20 mítà kan á gbé yín dé 40, 20, 15 àti 10 láìsí túnà, ohun tó ń jẹ́ kí rédíò gba áńtẹ́nà tí kò bá a mu. Dipole 40 mítà á fún yín ní 40 àti 15, torí 7 MHz lọ́nà mẹ́ta ni 21, ìyẹn báǹdì 15, ṣùgbọ́n fún 20 àti 10 ẹ máa so apá mìíràn mọ́ àárín yẹn kan náà, wáyà lásán sì ni, kò wọ́n. 30, 17 àti 12, kò sí èyí tó máa fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìfiwéra máa ń parí sí, tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló parí síbẹ̀, gbogbo èèyàn ni ì bá máa ra end-fed.

Wáàtì tí wọ́n kọ sára àpótí

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ lowó ń gbà lọ. Ní ìdí wáyà ìdajì ìgbì, resistance (ìdènà iná, ohm la fi ń wọ̀n ọ́n) ga gan-an, ó máa ń tó 2,000 sí 4,000 ohm, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, 50 sì ni rédíò yín fẹ́. Tiransifọ́mà 49:1 ló ń bá wọn làjà nínú àpótí kékeré yẹn, 49 lọ́nà 50 jẹ́ 2,450. Wáyà tí wọ́n yí mọ́ òrùka ferrite (ohun líle tó ní agbára mágnẹ́ẹ̀tì) ni, ìyí 2 lọ́wọ́ rédíò, ìyí 14 lọ́wọ́ áńtẹ́nà. Gbogbo wáàtì tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba òrùka yẹn kọjá, òrùka yẹn sì ń gba owó ibodè tiẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 200 wáàtì gàdàgbà sára ẹ̀. Lórí SSB, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí wàhálà, mò ń sọ̀rọ̀ geere. Ìgbà tí mo bọ́ sórí FT8, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi àmì kéékèèké ránṣẹ́, ni nǹkan yí padà, SWR (òṣùwọ̀n bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu, 1 ló dáa jù) á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ 1.5, tí rédíò bá ti fọhùn bíi ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin á ti máa gòkè, á dé 2, á kọjá 3, rédíò á dín agbára kù fúnra ẹ̀, tí mo bá wá sinmi díẹ̀ á padà sí bó ṣe wà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tún kọnẹ́tọ̀ ṣe, mo gé wáyà mo tún un gé, mo ra kébù tuntun tí owó ẹ̀ ju ti áńtẹ́nà fúnra ẹ̀ lọ, kò yí padà, àfìgbà tí mo tú àpótí yẹn. Òrùka kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kékeré, kò tó 4 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, nínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa pátápátá tí atẹ́gùn ò lè wọlé. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní SWR ẹ̀ dáa nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ìdáhùn yẹn ṣì ń bí mi nínú dòní, torí kì í ṣe SWR ni mo bèèrè.

Ṣé ẹ rí i, 200 wáàtì tí wọ́n kọ yẹn, ti ohùn èèyàn ni. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí SSB, ohùn ń lọ ó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kan òkè, àárín ọ̀rọ̀ ń ṣófo, òrùka ń rí ààyè tutù. FT8 ò mọ ìyẹn, agbára kan náà ló ń tì jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá 12.64 nínú 15, á dákẹ́ fún 15 tó tẹ̀lé e, á tún bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì lè wà lẹ́nu ẹ̀ fún wákàtí gbáko. RTTY, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: tí tiransifọ́mà bá jẹ dB 1 péré (dB la fi ń wọn bí agbára ṣe ń dín kù), nínú 100 wáàtì, 79 ló dé ojú wáyà, 21 ti di ooru nínú ike tó dé pa. Ká tiẹ̀ ní ìdajì dB ló jẹ, wáàtì 11 nìyẹn. Ferrite irú 43 tí wọ́n sábà máa ń lò, tí ooru ẹ̀ bá ti ń kọjá bíi 130 lórí Celsius, agbára mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀ á yẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí SWR fò sókè kó sì padà tó bá tutù. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, òrùka yẹn lè là.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni pé SWR ò ní sọ ọ́ fún yín. Dummy load, ẹrù tó kàn ń sọ wáàtì di ooru láìgbé e sáfẹ́fẹ́, ń fún yín ní 1:1 lórí gbogbo báǹdì, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ yín. Tiransifọ́mà tó ń jẹ wáàtì púpọ̀ gan-an ló máa ń jẹ́ kí SWR fẹ̀ kó sì lẹ́wà lójú NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn áńtẹ́nà. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán SWR tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti 3 dé 30 MHz tí wọ́n fi ń polówó ọjà, ẹ fura sí i. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni pé irú òrùka wo ló wà níbẹ̀, mélòó ni, dB mélòó ló sì ń jẹ lórí báǹdì kọ̀ọ̀kan. FT240-43, èyí tó fẹ̀ tó 6 sẹ̀ǹtímítà, ni mo lè gbà fún 100 wáàtì lórí SSB, ó kéré tán méjì tí wọ́n tò léra tó bá jẹ́ FT8, ẹni tí ò bá lè dáhùn, ẹ fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tí ọ̀rẹ́ yín kan bá ní irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ so àwọn méjèèjì kojú ara wọn, ojú áńtẹ́nà sí ojú áńtẹ́nà, ilẹ̀ sí ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi NanoVNA wọn S21, ìyẹn dB tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà, ìdajì ohun tẹ́ ẹ bá rí ni ti ọ̀kan. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ ṣe FT8 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa rédíò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àpótí, ọwọ́ yín á sọ ọ́ fún yín.

Dipole ò ní ìṣòro yìí. Àárín ẹ̀ ti wà ní bíi 50 sí 70 ohm fúnra ẹ̀, balun 1:1 tó wà níbẹ̀ ò ní ohm kankan tó ń yí padà, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó dá ìṣàn tó fẹ́ gba ẹ̀yìn kébù padà lọ. Kódà tí balun bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lè yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ so kébù mọ́ apá méjèèjì ní tààrà, ẹ ó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú end-fed.

Kébù tó sọ ara ẹ̀ di áńtẹ́nà

End-fed tún ní tiẹ̀ níbí. Ìṣàn tó bọ́ sínú wáyà gbọ́dọ̀ níbi tó fẹsẹ̀ tì, tẹ́ ẹ ò bá fún un ní wáyà counterpoise, ara ìta kébù ló máa lò, á gbabẹ̀ wọ inú yàrá yín. Ìgbà yẹn lẹ ó rí i tí USB ń já láàárín FT8, tí máòsì ń fò kiri, tí gbohùngbohùn ń ta yín létè. Tó bá dorí gbígbọ́, ariwo ṣájà àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé á gba ọ̀nà kan náà gòkè lọ. Oògùn ẹ̀ wà o: wáyà bíi 2 mítà nídìí tiransifọ́mà tó bá jẹ́ 40 mítà lẹ ń lò, kẹ́ ẹ sì yí kébù mọ́ òrùka FT240-31 nígbà 10 sí 12 kó tó wọlé. Wọn kì í sábà fi òrùka yẹn sínú páálí, torí náà ẹ ka owó ẹ̀ mọ́ owó end-fed kẹ́ ẹ tó pè é ní ọjà pọ́ọ́kú.

Vertical àti ilẹ̀ tó ń jẹ wáàtì

Mo fẹ́ràn ohun tí vertical ń ṣe lórí 40 mítà lóru, ìgbì ẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀, ó ń lọ jìnnà, tó bá jẹ́ etí òkun oníyọ̀ lẹ wà, ẹ má wo òmíràn rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáàtì yẹn tún dé. Vertical ìdá mẹ́rin ìgbì lórí ilẹ̀ tó péye, bíi 36 ohm ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ wáyà ilẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ sì rí 50 ohm geere, inú yín á dùn, àmọ́ 14 tó lé yẹn, ilẹ̀ ló ni ín, wáàtì 28 nínú 100 ń gbóná yanrìn lásán. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi wáyà kún un, SWR á máa gòkè díẹ̀ lọ sí 1.4, áńtẹ́nà á sì máa dáa sí i, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé àwọn ti bà á jẹ́, tí wọ́n á wá tú wáyà tó dáa kúrò. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò AM máa ń tẹ́ 120, mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá tó 16, èmi ò ní fowó sí vertical orí ilẹ̀. Wáyà yẹn náà ò sí nínú páálí. Vertical sì máa ń gbọ́ ariwo àdúgbò ju dipole lọ, láàárín ilé tó pọ̀, ìyẹn nìkan lè bo gbogbo DX, ìyẹn ibùdó ọ̀nà jíjìn, mọ́lẹ̀. Àwọn vertical tó ní trap (kóìlì tó ń pín in sí báǹdì púpọ̀), báǹdì wọn ń pọ̀, àyè tí wọ́n ní lórí báǹdì kọ̀ọ̀kan ń dín.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ ká yára. Gíga: dipole àti end-fed, wáyà kan náà ni wọ́n lókè, nígbà tí mo gbé méjèèjì sí gíga kan náà tí mo fi WSPR, àmì alágbára kékeré tí àwọn ibùdó jíjìn máa ń ròyìn, wò wọ́n, ìyàtọ̀ wọn ò ju dB kan sí méjì lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gíga ta ọ̀kan fún yín ju èkejì lọ. Mítà 10 jẹ́ ìdajì ìgbì lórí 20, ó dáa fún ọ̀nà jíjìn, lórí 40 ìdá mẹ́rin péré ni, tòsí lẹ ó máa gbọ́ jù. Kébù: RG-58 tó gùn tó 30 mítà ń jẹ bíi 2.5 dB lórí 28 MHz, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wáàtì yín, RG-213 ń jẹ bí ìdajì ìyẹn. Túnà inú rédíò sábà máa ń gba SWR dé 3:1, rédíò ló ń tẹ́ lọ́rùn, kò tún áńtẹ́nà ṣe. Òjò: ẹ fi tépù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ dé kọnẹ́tọ̀, lọ́jọ́ kìíní pàá.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà

Kálukú wọn ní ibi tó dáa sí. Ẹni tó ń gbé rédíò gun òkè pẹ̀lú wáàtì 5 tàbí 10, end-fed ni kó rà, wáàtì 10 ò lè sun òrùka kankan, kékeré kan ṣì wà nínú báàgì tèmi. Ẹni tí ò ní igi, tí ò ní òpó, tó sì ní ilẹ̀ tó lè tẹ́ wáyà sí, vertical. Ẹni tó ti ra end-fed sílé tẹ́lẹ̀, ẹ fi 30 wáàtì ṣe FT8, ó tó, wọ́n á gbọ́ yín.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní òpó kan tàbí igi kan tó ga tó mítà 10, dipole alápá púpọ̀ ní inverted V ni, 40, 20 àti 10 lójú àárín kan náà. Owó àpótí 49:1 tó dáa pẹ̀lú òrùka kébù ẹ̀ máa ń ra wáyà àti balun 1:1, kó tún kù díẹ̀ fún kébù. Ẹ má jẹ́ kí igun V yẹn dín ní 90. Ẹ gé apá 40 kọ̀ọ̀kan kó fi bíi 30 sẹ̀ǹtímítà gùn ju ìṣirò lọ, kí àwọn apá tó kúrú náà fi díẹ̀ lé, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ dé ibi gíga tó máa wà gan-an kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí SWR ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti òkè, kẹ́ ẹ wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, 40 kọ́kọ́, 20 tẹ̀lé e, 10 gbẹ̀yìn.