Aáyán Dubia fún aláǹtakùn tí kì í kúrò nínú ihò: bí mo ṣe rí i

Ẹni tó bá ń sin tàràǹtúlà, aláǹtakùn ńlá onírun, èyí tó ń gbẹ́ ihò gbé, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú lásán ń yanjú. Èyí tó máa ń jókòó sí gbangba, ẹ ju kòkòrò sí i, ẹ rí i bó ṣe gbá a mú, ó parí. Ti inú ihò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ju kòkòrò sí i lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ti pòórá, ẹ ò sì mọ̀ bóyá inú aláǹtakùn ló wọ̀ tàbí abẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá ń yẹ oúnjẹ kan wò fún un, kì í ṣe bó ṣe lọ́ràá tó ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: ṣé á dé ẹnu ihò, ṣé á sì dúró níbẹ̀ títí onílé á fi yọjú?

Pelinobius muticus ni tèmi, èyí tí àwọn tó ń sin aláǹtakùn mọ̀ sí king baboon. Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà ni ilẹ̀ rẹ̀, ọdún 1885 sì ni orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọ̀ irin tó dípẹtà ló ní. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ki pọ́pọ́, torí wọn ló fi ń gbẹ́lẹ̀. Kò ní irun tó ń yúnni lára tí ọ̀pọ̀ tàràǹtúlà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní. Bí inú bá bí i, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, á máa dún ṣìì, ẹni tí kò bá sì yẹra fún un, á gé e jẹ, oró rẹ̀ sì máa ń dunni gan-an. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, onítìjú ni. Iná tàn, ó ti wọlé. Ẹ ṣí ìdérí, ó ti wọlé. Ẹ fi ẹsẹ̀ wúwo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, ó ti wọlé.

Aáyán Dubia, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Blaptica dubia, ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ẹ má kà á mọ́ aáyán ilé ìdáná o. Kò lè gun gíláàsì tàbí ike tó ń dán, kì í pariwo, bí ibi tí ẹ kó o sí bá sì gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Akọ ní ìyẹ́ gígùn ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n fò dé ibì kankan. Ìyẹ́ ti abo kúrú débi pé kò wúlò fún un. Àgbà rẹ̀ máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí kó lé díẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò sì ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Pé inú agbo kan náà ni gbogbo ìwọ̀n yìí ti ń jáde jẹ́ ohun tí mo mọrírì rẹ̀ gidigidi, torí ẹran tó yẹ ọmọ aláǹtakùn àti èyí tó yẹ ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìrẹ̀ ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, mo sì ṣì ń lò ó nígbà míì. Ohun tó dára lára ìrẹ̀ ni pé kì í jókòó sójú kan. Á rìn káàkiri, á tẹ òwú tí aláǹtakùn ta yí ẹnu ihò ká, onílé á sì gbọ́ pé àlejò ti dé. Ojú mẹ́jọ ni aláǹtakùn yìí ní, ṣùgbọ́n wọn ò ríran púpọ̀. Irun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ bí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣe ń mì. Kòkòrò tó bá ń rìn ti pe ara rẹ̀ fún jíjẹ nìyẹn. Ibi tí ìrẹ̀ ti sú mi ni ariwo rẹ̀ lóru, òórùn rẹ̀, àti bó ṣe ń yára kú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìrẹ̀ tí ebi ń pa lè máa gé aláǹtakùn tó ń bọ́ awọ jẹ, lásìkò tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀ tí kò lè gbèjà ara rẹ̀. Dubia kò burú tó ìrẹ̀ níbi èyí, síbẹ̀ n kì í fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aláǹtakùn mọ́jú.

Àléébù Dubia gan-an rèé, mi ò sì rí ẹni tó kọ ọ́ sára ìpolówó: onítìjú ni òun náà. Ẹ fi onítìjú bọ́ onítìjú, ta ni yóò kọ́kọ́ jáde? Dubia kékeré, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan iyẹ̀pẹ̀, orí ló ń tì bọlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé apata pẹlẹbẹ tó bo orí rẹ̀ ló fi ń wú iyẹ̀pẹ̀ níwájú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa tì í, láìpẹ́ ìdí rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lókè, kò sì pẹ́ tí ìyẹn náà á wọlẹ̀. Àgbà inú wọn lè má walẹ̀, ṣùgbọ́n á ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òkúta, kò ní mira. Aláǹtakùn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Aláǹtakùn tó ń gbẹ́ ihò sì nílò iyẹ̀pẹ̀ tó jìn, tèmi jìn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, tó fi jẹ́ pé aáyán tó bá ti wọ ibẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìkú. Ẹ ò lè wú u jáde láìba ihò tí ẹran yín fi ọ̀pọ̀ oṣù gbẹ́ jẹ́. Ó lè wá jáde fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláǹtakùn bá dùbúlẹ̀ tó ń bọ́ awọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí á kàn ju Dubia sílẹ̀ kí á sì máa lọ. Fún aláǹtakùn orí igi tàbí ti gbangba, ó lè ṣiṣẹ́. Fún ti inú ihò, kò bọ́ sí i.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń tẹ orí aáyán náà fọ́ kí n tó gbé e wọlé. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n wéré ló ń parí. Aáyán tí orí rẹ̀ ti fọ́ kò lè walẹ̀, kò lè gé nǹkan jẹ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa ta fún ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń ta yẹn gan-an ló ń pe aláǹtakùn jáde. Mo máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ sétí òwú tó wà lẹ́nu ihò, kì í ṣe inú ihò. Bí ẹ bá tì í wọ inú ihò, ẹ ti wọ yàrá onítìjú láìkan ilẹ̀kùn nìyẹn, ó lè kọ oúnjẹ náà kó sì fi iyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀mú tí mo fi ń gbé e gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo sì ka gígùn yẹn sí dandan pẹ̀lú aláǹtakùn tó ń yára tó sì ní oró báyìí. Ẹ yan èyí tí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n fi ọparun ṣe. Irin lásán lè dá eyín oró aláǹtakùn tó bá fi agbára bù ú, eyín tó bá sì ti dá kò ní padà hù àfi tó bá tún bọ́ awọ. King baboon kì í tètè dàgbà rárá, ẹ wo iye oṣù tó lè fi máa ṣòro fún un láti jẹun. Nítorí náà, n kì í di aáyán náà mú kí aláǹtakùn wá já a gbà lẹ́nu ẹ̀mú. Mo gbé e sílẹ̀, mo yọ ẹ̀mú, mo pa ìdérí dé, mo paná.

Ẹni tó bá ní sùúrù nínú òkùnkùn á rí ohun tó ń tẹ̀ lé e. Ṣóńṣó ẹsẹ̀ iwájú méjì ló kọ́kọ́ ń yọ létí ihò. Wọ́n á fọwọ́ kan òwú, wọ́n á dúró. Ìdúró yẹn lè pẹ́ débi tí ẹ ó fi rò pé kò ní jáde mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nǹkan máa wá ṣẹlẹ̀: ẹ ò ní rí bó ṣe jáde, ẹ ó kàn rí i pé aáyán ò sí níbẹ̀ mọ́, tí ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ń yí wọ inú ihò tẹ̀ lé e. Nígbà míì, á ta òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ọ̀nà kó lè jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rí pé ó jẹun kò ju ìṣù kékeré dúdú kan lọ, tí ẹ ó bá lẹ́nu ihò tàbí nínú abọ́ omi lẹ́yìn náà. Aláǹtakùn kì í jẹ ẹran kó gbé èèpo mì. Omi tó ń yọ́ ẹran ló ń dà sí i lára, á fa ohun tó yọ́ mu, á wá wé èèpo tó kù jọ, á jù ú síta. Tí mo bá rí ìṣù yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mo fi ẹ̀mú kó o kúrò lójú ẹsẹ̀, torí inú ilé tó ní ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí ó hu èbu. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí aáyán ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, mo kó o kúrò, mo sì fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kí n tó tún gbìyànjú.

Ní ti ìwọ̀n, ẹran tí gígùn rẹ̀ kò ju ti ikùn aláǹtakùn lọ ni mo ń fún un. Àgbà kan ń jẹ Dubia ńlá kan lọ́sẹ̀ kan sí méjì, ìyẹn sì tó o dáadáa. Bí ikùn bá ti ń wú ju bó ṣe yẹ lọ, mo fa àkókò tó wà láàárín oúnjẹ kan sí èkejì gùn sí i. Fún ọmọ wẹ́wẹ́, Dubia kì í ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ ń mú. Èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń yára walẹ̀, títẹ orí rẹ̀ fọ́ láìtẹ gbogbo ara rẹ̀ pọ̀ sì ṣòro. Ìrẹ̀ kékeré tàbí itan ìrẹ̀ kan ṣoṣo dára fún wọn jù, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìdin mealworm náà wúlò, ṣùgbọ́n àléébù Dubia ló ní, ó tún burú jù ú lọ, torí ó ń walẹ̀ ó sì ń di kòkòrò dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ le sábẹ́ ibẹ̀. Orí òun náà ni kí ẹ fọ́.

Ọ̀rọ̀ ihò tó dí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fara balẹ̀ kà. Ọjọ́ kan á jẹ́ tí ẹ ó rí i pé aláǹtakùn ti fi iyẹ̀pẹ̀ àti òwú dí ẹnu ihò pátápátá. Kò kú. Ebi ò pa á. Ó ṣeé ṣe kó fẹ́ bọ́ awọ, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ má gbẹ́ ihò, ẹ má ju oúnjẹ sí i, ẹ kàn rí i pé omi mímọ́ wà nínú abọ́ rẹ̀. Àárín àkókò yẹn ni n kì í fẹ́ rí kòkòrò alààyè kankan nínú àpótí náà, ì báà ṣe Dubia. Tó bá ṣílẹ̀kùn padà, ẹ ṣì dúró bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí eyín rẹ̀ á funfun, á pọ́n, kó tó wá dúdú tó sì le tó láti gún ẹran.

Mo fún Dubia ní 4 nínú 5. Ọ̀kan tí mo yọ kúrò jẹ́ ti wíwalẹ̀ rẹ̀, torí kò yẹ kí ẹni tí kò lè tẹ orí kòkòrò fọ́ rà á fún aláǹtakùn inú ihò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, kó máa lo ìrẹ̀, kó sì máa kó èyí tí kò jẹ kúrò láàárọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ má gba «kékeré» tàbí «àárín» lásán. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo rà lọ́wọ́ wọn kó àgbà tó ti gbó ránṣẹ́ sí mi dípò èyí tó ṣì ń dàgbà, kò sì dá mi lóhùn mọ́ nígbà tí mo béèrè. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà pẹ̀lú, torí ibòmíì wà tí wọn ò gbà kí wọ́n sin ín. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó máa bímọ, ó fẹ́ ooru bíi 28 sí 32 lórí ìwọ̀n Celsius, òkùnkùn, páálí ẹyin láti sá sí, kárọ́ọ̀tì fún omi ara àti oúnjẹ gbígbẹ tí kò ní oògùn kòkòrò. Ohun tó bá jẹ ni aláǹtakùn yín náà máa jẹ. Ìta ni kí ẹ ti máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú: eruku rẹ̀ máa ń mú kí ara àwọn kan yún wọn, kí wọ́n sì máa sín lọ́tùn-ún lósì.