POWERPREP ọ̀fẹ́ ti GRE: ṣé ó tó láti kọ́ni bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè lórí ilẹ̀ àwọn Algonquian?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. A mọ ilẹ̀ ẹbí, a mọ ìṣákọ́lẹ̀, a mọ pèrègún tí wọ́n fi ń pààlà. Ìdí nìyẹn tí àyọkà tó dá lórí ilẹ̀, bí irú èyí tó sọ nípa àwọn Algonquian, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà Àríwá, fi máa ń ṣì wá lọ́nà nínú GRE, ìdánwò tí àwọn tó fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì lókè òkun ń ṣe: ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ni lára kí a tó kà á, a wá ń fi ohun tí a mọ̀ dáhùn, a gbàgbé ohun tí òǹkọ̀wé sọ. POWERPREP Online ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ìdánwò ìgbáradì tí ETS, àwọn tó ni GRE fúnra wọn, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ó lè mú àṣìṣe yìí kúrò lọ́wọ́ ènìyàn? Ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà dáadáa. Ìdajì tó kù, ẹ̀yin ni ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe é, a ó sì sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ ó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ETS. Ìdánwò méjì tó pé pérépéré ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà jọ ti ọjọ́ ìdánwò gan-an: àyọkà lápá òsì, ìbéèrè lápá ọ̀tún, aago lókè, bọ́tìnì Mark tí ẹ lè fi sàmì sí ìbéèrè tí ẹ fẹ́ padà sí, àti Review tó ń fi èyí tí ẹ ti dáhùn àti èyí tí ẹ fò hàn. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 tí wọ́n ti gé GRE kúrú, gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58 lọ. Abala èdè pín sí méjì: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà ìbéèrè 15 ní ìṣẹ́jú 23. Nǹkan bí ìdajì wọn ló jẹ́ àyọkà. Bí ẹ bá ṣe dáadáa ní apá kìíní, apá kejì á le sí i, ohun kan náà sì ni POWERPREP ń ṣe. Èsì rẹ̀, láàárín 130 sí 170, máa ń jáde lójú ẹsẹ̀.

Ní ti aago, ẹni tó bá pín ìṣẹ́jú dọ́gbadọ́gba, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni yóò bọ́ sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pín in dọ́gba. Ẹ lo ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ lórí èyí tó ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo, kí ẹ lè fi èyí tó kù ka àyọkà. Àyọkà onípínrọ̀ kan kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì lọ láti kà. Ohun tó ń jẹ àkókò ni kí ènìyàn sáré kà á, kó wá máa padà sí i lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àyọkà tó wà nísàlẹ̀ yìí kò sí nínú POWERPREP, a kọ ọ́ fún àyẹ̀wò yìí ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ẹ máa bá pàdé, lédè Gẹ̀ẹ́sì:

“Ní 1915, Frank Speck, onímọ̀ nípa àṣà àwọn ènìyàn, sọ pé láàárín àwọn Algonquian ìhà àríwá, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀ ìṣọdẹ tirẹ̀ tó ní ààlà, àti pé ètò náà ti wà kí àwọn ará Yúróòpù tó dé. Ní 1954, Eleanor Leacock, onímọ̀ bíi tirẹ̀, tako èyí: ó ní láàárín àwọn Montagnais, ọ̀kan lára àwọn Algonquian náà, òwò awọ beaver, ẹranko odò kan, ló bí ètò náà. Ó tọ́ka sí i pé ẹni tí ebi ń pa lè pa beaver ní ilẹ̀ ẹlòmíràn kó sì jẹ ẹran rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ mú awọ rẹ̀ lọ tà. Síbẹ̀, Leacock gbà pé ní ìgbà ayé Speck, àwọn ìdílé ní ibi tí oníkálukú wọn ti ń dẹ ìgbẹ́.”

Gbólóhùn mẹ́rin péré. Kí ẹ tó wo ìbéèrè kankan, ẹ kọ ìlà méjì sórí pátákó funfun kékeré tí ẹ fi ń ṣe àkọsílẹ̀: *Speck: ti pẹ́. Leacock: òwò ló bí i.* Ó tán. Irú àyọkà yìí kì í béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ń béèrè ẹni tó sọ kí ni, àti iṣẹ́ tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí wọ́n fi í sí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lè jẹ́: kí ni òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa ṣe? Ìdáhùn kan á ní ó fẹ́ fi hàn pé àwọn Montagnais lawọ́ sí ara wọn. Òmíràn á ní ó fẹ́ fi hàn pé ohun tí wọ́n ń lọ tà ni ìdílé ní ẹ̀tọ́ lé lórí, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Àṣà tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ni pé arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè jẹ nínú oko olóko, kò kàn gbọ́dọ̀ dì í lọ ilé. Nítorí náà, ọkàn wa á fà sí “ìlawọ́” kíá. Ìlawọ́ lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àyọkà tó lò ó. Inú àlàyé Leacock ni gbólóhùn náà wà, lẹ́yìn “òwò awọ”, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni: ẹran kò ní ìdíwọ́, awọ ló ní. Ìdáhùn kejì ló tọ̀nà.

Irú ìbéèrè kejì ni ti àpótí mẹ́ta tó ní kí ẹ mú gbogbo èyí tó bá tọ̀nà. Ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹ bá sì gba méjì tí ẹ ṣi ẹyọ kan, òfo ni, kò sí máàkì fún ìdajì. Ká ní ó béèrè ohun tí Speck àti Leacock jọ fara mọ́: pé ìdílé ní ibi ìṣọdẹ nígbà ayé Speck, pé ètò náà ti wà ṣáájú òwò, pé gbogbo àwọn Algonquian ló ń ṣe é. Ẹyọ kan ló tọ̀nà, èyí àkọ́kọ́. Ẹ̀rù kí ènìyàn mú ẹyọ kan péré máa ń ti ọ̀pọ̀ láti fi kejì kún un. Ẹ dá ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́ lọ́tọ̀, bí ẹni pé àwọn méjì tó kù kò sí níbẹ̀.

Irú kẹta ní kí ẹ tẹ gbólóhùn kan nínú àyọkà, bí àpẹẹrẹ èyí tí Leacock ti gba nǹkan kan fún Speck. “Síbẹ̀” ló tú àṣírí ẹ̀: gbólóhùn tó kẹ́yìn ni. Bí wọ́n bá wá béèrè ohun tó máa mú àlàyé Leacock mẹ́hẹ, ẹ má wá ẹ̀rí pé òwò awọ mú ọrọ̀ wá. Ìyẹn kò kàn án rárá. Ẹ wá ẹ̀rí pé àwọn ìdílé ti ń lé ara wọn kúrò nídìí beaver kí òwò náà tó dé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀wọ̀n jù. “Àwọn Algonquian kò mọ ohun tó ń jẹ́ níní ilẹ̀” kì í sábà jẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà, torí pé Algonquian kì í ṣe ẹ̀yà kan. Orúkọ ìdílé èdè ni: Cree, Ojibwe, Mi'kmaq, Wampanoag, Lenape, àti Innu tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Montagnais, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Algonquin, tí kò ní *a* lẹ́yìn *i*, jẹ́ ẹ̀yà kan péré lágbègbè odò Ottawa ní Kánádà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, olùṣètò ìdánwò sì lè fi ìyẹn dẹ pańpẹ́. Àwọn ti gúúsù, lápá New England ní Amẹ́ríkà, ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé. Àyọkà lórí wọn sábà máa ń sọ pé ẹ̀tọ́ ìlò ni ìdílé ní lórí oko, tó máa ń tán nígbà tí wọ́n bá fi oko náà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìyẹn lọ dáhùn àyọkà beaver ti àríwá ti ṣìnà.

Ibo ni POWERPREP ti kù díẹ̀ káàtó? Ní ti àlàyé ni. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ á sọ fún yín pé ẹ gbà á tàbí ẹ ṣì í, á sì fi ìdáhùn tó tọ̀nà hàn, ṣùgbọ́n kò ní sọ ìdí. Ẹni tó mú “ìlawọ́” máa rí i pé òun ṣì í, kò sì ní mọ̀ pé oko bàbá òun ló mú òun ṣì í. Ó dùn wá gan-an, torí pé ẹni tí kò lówó láti sanwó olùkọ́ ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wúlò fún jù. POWERPREP PLUS, èyí tí wọ́n ń sanwó fún, ní àlàyé, ó sì ń fún àròkọ ní máàkì. Àléébù kejì ni pé bí ẹ bá tún ìdánwò kan náà ṣe, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa bá. Ẹ má gba èsì ìgbà kejì yẹn gbọ́.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kí ẹ sì fa ìlà sí i sọ́nà mẹ́ta. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹ ṣì, ẹ kọ gbólóhùn tí ìdáhùn wà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó fà yín sínú èyí tí kò tọ̀nà, lẹ́yìn náà irú àṣìṣe tó jẹ́: mo mú ìmọ̀ ilé wá, mo gbé ọ̀rọ̀ Speck fún Leacock, tàbí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀wọ̀n ju ti àyọkà lọ. Lẹ́yìn àyọkà mẹ́wàá, ọ̀nà kan á ti kún ju èyí tó kù lọ. Òun ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ṣe ìdánwò. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ kò ní rántí ìdí tí ẹ fi mú ohun tí ẹ mú.

Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò, kì í ṣe fóònù, kí ẹ sì gba iná sí bátìrì rẹ̀ kó kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí NEPA kò ní dúró de yín fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá máa ṣe GRE nílé, ETS kò gba bébà lásán: pátákó funfun kékeré tí a lè nù, tàbí bébà nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ni wọ́n gbà. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìgbáradì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ yín lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ “Speck: ti pẹ́” sórí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta.

Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ṣe èkíní lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tọ́jú èkejì di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Owó PLUS, ẹ má tíì san án àfi bí ìwé ọlọ́nà mẹ́ta yẹn bá fi hàn pé ẹ kò lè rí ìdí àṣìṣe yín fúnra yín.