Deed poll lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀: ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún un?

Àwọn tó ń ta deed poll, ìyẹn ìwé òfin téèyàn fi ń yí orúkọ padà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílùú Ọba máa ń polówó rẹ̀ bíi pé láìsí ìwé tiwọn, obìnrin tó kọ ọkọ sílẹ̀ ò lè padà sí orúkọ bàbá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England àti Wales, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lórí GOV.UK, ìpínrọ̀ kékeré kan ni: mo ti fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, mo sì ti gba orúkọ tuntun fún ohun gbogbo. Ẹ ó fi orúkọ méjèèjì buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ti dàgbà. Ẹ má mú ẹbí tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé. Bébà tó nípọn àti òǹtẹ̀ tó ń dán tí wọ́n ń tà fún yín ò fi agbára òfin kankan kún un.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ò tiẹ̀ nílò deed poll. Ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti tó níbi púpọ̀, àfi àwọn báńkì kan tó ń fi dandan lé e. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe ọ̀fẹ́ náà. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti April 2022, final order, ìyẹn àṣẹ ìkẹyìn ilé ẹjọ́, ló ń tú ìgbéyàwó ká. Ohun tí wọ́n ń pè ní decree absolute tẹ́lẹ̀ ni. Conditional order, àṣẹ tó ṣáájú rẹ̀, ò tíì tú nǹkan kan ká. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè béèrè final order.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìwé ìgbéyàwó tuntun ti tó láti gba orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ fún yín síbẹ̀ dáadáa. Bí ìwé náà bá pè yín ní orúkọ bàbá yín, tí páspọ́ọ̀tù yín sì ṣì ń jẹ́ orúkọ ọkọ àkọ́kọ́, okùn já nìyẹn: ẹ ó kó ìwé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ àti final order mọ́ ọn.

Oríṣi deed poll mìíràn, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nílé ẹjọ́, ń gba nǹkan bí 50 pọ́n-ùn, wọ́n á sì gbé orúkọ yín jáde nínú The Gazette, ìwé ìkéde ìjọba tí gbogbo èèyàn lè kà. A ò gba obìnrin tó ń sá fún ọkọ oníjà níyànjú láti sún mọ́ ọn láìkọ́kọ́ rí lọ́yà.

Èyí tó ń dun àwọn ọmọ Nàìjíríà jù ni páspọ́ọ̀tù méjì. HM Passport Office máa ń fẹ́ kí orúkọ inú páspọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè mìíràn bá tuntun mu kí wọ́n tó tẹ ti Britain, kódà bí ọjọ́ ti Nàìjíríà bá ti kọjá. Inú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, sì ni páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti ń mú orúkọ. Nítorí náà, NIN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kó tó kan ti Britain. Ẹni tó bá ti Britain bẹ̀rẹ̀ torí pé ó yá, wọ́n lè dá a dúró sójú ọ̀nà. Ti DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ò le, ọ̀fẹ́ sì ni.