Ta ló ba Johan jẹ́? Mo ka Monster tán

Ẹ̀dà Perfect Edition ti Viz Media ni mo rà, èyí tí wọ́n kó gbogbo ìdìpọ̀ 18 tó kọ́kọ́ jáde pọ̀ di ìwé ńlá 9. Naoki Urasawa ló ṣe mángà (ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan) yìí, ó sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní Japan láti 1994 títí di 2001. Àwọn ojú ewé aláwọ̀ kan wà níbẹ̀. Láti ọwọ́ ọ̀tún lẹ ó ti máa kà á bọ̀ sí òsì, kò sì ní pẹ́ mọ́ yín lára. Màá tú àṣírí ìtàn náà o, torí Johan gan-an ni mo bá wá.

Ní Düsseldorf, lọ́dún 1986, wọ́n ní kí dókítà Tenma fi Johan, ọmọ kan tí wọ́n yìnbọn fún lórí, sílẹ̀, kó wá ṣiṣẹ́ abẹ fún olórí ìlú. Ó kọ̀, ọmọ yè, olórí ìlú kú. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ló tó mọ̀ pé apànìyàn lòun gbà là.

Gbogbo ẹni tí mo bá jiyàn ló ń di ẹ̀bi ru Kinderheim 511, ilé ọmọ aláìlóbìí kan ní Ìlà Oòrùn Berlin, níbi tí wọ́n ti ń fi ìyà sọ ọmọ di ẹni tí kò lójú àánú. N ò gbà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ Grimmer, ọkùnrin mìíràn nínú ìtàn náà. Wọ́n pa ẹkún àti ẹ̀rín lára rẹ̀ débi pé ó ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì. Síbẹ̀ òun ló ń dóòlà ẹ̀mí àwọn ọmọdé kiri. Johan ní tiẹ̀, òun ló dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀ títí àgbà àtọmọdé fi para wọn tán. Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ ìyá ló ká mi lára. Ìbejì ni Johan àti Anna, aṣọ obìnrin kan náà ni ìyá wọn sì ń wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọ̀kan sí wọn, ó fà á padà, ó wá fún wọn ní èkejì. (Ìyá ìbejì ilẹ̀ wa wo, tó jẹ́ pé ohun tó bá rà fún Táyé ló ń rà fún Kẹ́hìndé!) Anna ni wọ́n mú lọ, òun ló fojú rí ikú rẹpẹtẹ níbi tí wọ́n mú un lọ. Johan gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni, ó sì gbé e wọ̀ bíi pé òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Títí dé òpin, ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìyá ò fẹ́.

Ìyẹn ò tó ìdí láti pa èèyàn. Mo sì rò pé Urasawa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Griffith inú Berserk, mángà mìíràn, ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ torí ìjọba tó ń lé, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fẹ́. Ti Johan kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò fi í tán.

Ibi tó sú mi ni àárín. Roberto, ọmọ iṣẹ́ Johan, ò kú bọ̀rọ̀, ọtí Eva, àfẹ́sọ́nà Tenma tẹ́lẹ̀, pọ̀ jù, àwọn ìlú kéékèèké tí Tenma ń gbà kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Mo fo ojú ewé díẹ̀.

Bí owó ìwé mẹ́sàn-án bá wọ́n jù, ilé iṣẹ́ Madhouse ṣe é ní eré àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n ní 2004 sí 2005, apá 74, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò nínú ìwé. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́, ẹ ra méjì àkọ́kọ́ pọ̀, torí ọ̀rọ̀ 511 kò tíì délẹ̀ nínú ẹyọ kan.